Bí Mo Ṣe Tẹ Àyà Àna Mi Láti Kàbà Dé Ìlọrin

Ẹ̀rọ tí ó kọṣẹ́ sílẹ̀ lójú ọ̀nà ni wọ́n fi orin ọpẹ́ pàdé nígbà tí a padà dé Kàbà. Èmi tí mo fi ọwọ́ ara mi tẹ àyà àna mi títí ẹ̀mí rẹ̀ fi dé Ìlọrin ni wọ́n ní kí n mú ewúrẹ́ ìtanràn wá.

Mo ti mú ewúrẹ́ náà wá. Wọ́n ti pa á, wọ́n ti jẹ ẹ́, àna mi fúnra rẹ̀ jẹ nínú ẹ̀dọ̀ rẹ̀, ó sì ní ó dùn. Nítorí náà kì í ṣe ọ̀rọ̀ ewúrẹ́ ló gbé mi dé ìdí ìwé yìí. Ìrìn àjò náà gan-an ni mo fẹ́ rò, bí ó ti ṣẹlẹ̀, kí ẹ̀yin ará ilé tí ẹ ń gbọ́ ìròyìn ẹ̀rọ yìí lẹ́nu àwọn tí kò sí nínú ọkọ̀ lè mọ èyí tí ẹ ó gbàgbọ́.

Ìdájí ni a gbéra. Ọyẹ́ ti wọlé, kùrukùru bo àwọn òkè tó yí Kàbà ká, iná iwájú ọkọ̀ áńbúláǹsì kò sì ríran kọjá ẹnu ọ̀nà ilé ìwòsàn. Àna mi, Bàbá Ọmọ́níyì, ni aláìsàn. Àgbẹ̀ ni, ó ti dàgbà, ṣùgbọ́n ẹnu rẹ̀ kò dàgbà. Ọmọ rẹ̀, Ọmọ́níyì, ìyàwó mi, ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ ni, wọn kò tíì sọ ọmọ lórúkọ, kò lè bá wa lọ. Ìyá rẹ̀ ló bá wa lọ, ìyẹn Ìyá Ọmọ́níyì, pẹ̀lú ọwọ́ ọ̀tún tí ó fi ṣubú lóko, tí oníṣègùn egungun fi ọ̀pá wẹ́wẹ́ dì fún un mọ́ àyà.

Àìsàn Bàbá kò jọ àìsàn tí a mọ̀. Kò dùn ún, kò gbóná, kò wú. Ọkàn rẹ̀ ni ó máa ń ṣàdédé dáwọ́ iṣẹ́ dúró. Yóò máa sọ̀rọ̀ lọ, ojú rẹ̀ á yí, kò ní mí mọ́. Nígbà mìíràn ọkàn náà á tún bẹ̀rẹ̀ fúnra rẹ̀, Bàbá á sì máa bá ọ̀rọ̀ rẹ̀ lọ láti ibi tí ó já sí. Dókítà ní Kàbà ti sọ fún wa kedere pé ọjọ́ kan ń bọ̀ tí kò ní dá bẹ̀rẹ̀, àfi kí ẹnì kan tẹ àyà rẹ̀ títí yóò fi rántí iṣẹ́ rẹ̀. Ó ní kí a gbé e lọ sí Ìlọrin, olú ìlú Kwárà wa, níbi tí wọ́n ti ní ohun èlò tí wọ́n fi ń ti irú ọkàn bẹ́ẹ̀ lẹ́yìn. Kí a gbé e dé ibẹ̀ láàyè, iṣẹ́ tí ó wà níwájú wa nìyẹn, kò sí òmíràn.

Ẹ jẹ́ kí n sọ nípa ẹ̀rọ. Àwọn aláàánú kan láti òkè òkun ló fi ta ilé ìwòsàn wa lọ́rẹ. Òpó irin kan ni, tí apá irin yọ lára rẹ̀ bí ẹ̀ka igi. Ní orí apá náà ni irin kan wà bí ọmọ odó kúkúrú, wọ́n fi rọ́bà bo ẹnu rẹ̀. A ó tẹ́ aláìsàn sórí pákó rẹ̀, a ó fi bẹ́líìtì dè é, a ó so páìpù rọ́bà mọ́ agolo ọ́síjìn. Afẹ́fẹ́ inú agolo ni yóò máa ti ọmọ odó náà lu àárín àyà ẹni tí ọkàn rẹ̀ bá dúró. Èmi kò kórìíra ẹ̀rọ. Kì í rẹ ẹ̀rọ, èjìká kì í ro ó, kì í bẹ̀rù. Ìyẹn ni pé kò sí ohun tó burú nínú rẹ̀ bí ó bá wà nínú yàrá, lórí sìmẹ́ńtì. Ṣùgbọ́n ìgbìmọ̀ tó ń bójú tó ilé ìwòsàn ti pàṣẹ pé ibikíbi tí áńbúláǹsì bá ń lọ, ẹ̀rọ gbọ́dọ̀ lọ, àpótí rẹ̀ gbọ́dọ̀ lọ, ẹni tó ń ṣọ́ ọ gbọ́dọ̀ lọ. Ẹni tó ń ṣọ́ ọ ni Ọ̀gbẹ́ni Jóòbù, sítọ́ọ̀kípà.

Ẹ wá wo àyè inú ọkọ̀. Bàbá dùbúlẹ̀. Ẹ̀rọ dúró tì í. Ìyá jókòó, mo jókòó, Ọ̀gbẹ́ni Jóòbù jókòó. Níwájú, lẹ́gbẹ̀ẹ́ dírẹ́bà, àpótí ẹ̀rọ ló jókòó. Sísítà Ẹ̀bùn, nọ́ọ̀sì tí dókítà yàn láti bá wa lọ, tí ó ti gbé báàgì rẹ̀ kọ́ èjìká, kò rí ibi jókòó sí.

"Ọ̀gbẹ́ni Jóòbù," ni Sísítà wí, "ẹ sọ àpótí yẹn kalẹ̀ kí n wọlé. Àbí àpótí ni yóò tọ́jú Bàbá?"

"Sísítà, àpótí ní nọ́ńbà. Mo buwọ́ lù ú kí n tó gbé e. Ìwọ ńkọ́, ta ló buwọ́ lù ọ́?"

Báyìí ni wọ́n ṣe sọ nọ́ọ̀sì kalẹ̀ nítorí àpótí òfìfo. Mo pariwo, mo ní kí wọ́n lọ jí ọ̀gá ilé ìwòsàn. Wọ́n ní ọ̀gá wà lóko. Sísítà kò bá wọn jiyàn mọ́. Ó bọ́ sí ẹnu ìlẹ̀kùn ẹ̀yìn, ó fa ọwọ́ mi, ó fi ìka tọ́ka sí àárín àyà Bàbá.

"Tíṣà, ibí yìí. Ìdí àtẹ́lẹwọ́, kì í ṣe ìka. Na apá rẹ, má ká a ní ìgúnpá. Tẹ̀ ẹ́ wọlé gidi, jẹ́ kó padà sókè, tún tẹ̀ ẹ́. Má dúró bi ẹnikẹ́ni léèrè ohunkóhun."

Bàbá la ojú kan. "Kí ló ń fi hàn ọ́?"

"Ojú ọ̀nà ni, Bàbá," ni Sísítà dáhùn.

Tíṣà ni mí lóòótọ́, mo kàwé gboyè nínú ìmọ̀ ohun ẹlẹ́mìí ní yunifásítì. Mo mọ bí ọkàn ọ̀pọ̀lọ́ ṣe ń lù, mo ti fi ojú ara mi rí i. Wọn kò kọ́ mi ní ti àna. Ẹ̀yin náà sì mọ bí ọ̀rọ̀ àna ti rí lọ́dọ̀ wa. Láti ìgbà tí mo ti fẹ́ Ọmọ́níyì, n kò dúró lé Bàbá lórí rí. Bí ó bá jókòó, n ó lóṣòó. Bí ó bá dùbúlẹ̀, ẹnu ọ̀nà yàrá ni mo ti ń kí i. Ẹni tí ó bá gun orí àyà àna rẹ̀, àwọn ẹbí yóò bi í bóyá ó fẹ́ dá ọmọ wọn padà ni.

Músá ni orúkọ dírẹ́bà wa, ará Ìyàrà, níbi tí bàbá kan náà ti ń bí ẹni tó ń lọ sí mọ́ṣáláṣí àti ẹni tó ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Nígbà tí a dé Ìyàrà, ó yà kí ìrun, ó sì ra àkàrà bọ̀ lọ́wọ́ àbúrò rẹ̀, kọ́bọ̀ márùn-ún fún ẹyọ kan, ó tóbi ju ti Kàbà lọ, ata rẹ̀ sì pọ̀. Bàbá jẹ méjì. Ọ̀dà dára títí dé ibẹ̀. Láti Ìyàrà sí apá Ìyà-Gbẹdẹ, oko iṣu ni lọ́tùn-ún lósì, ebè tẹ̀ lé ebè, Bàbá sì gbé orí sókè láti máa wò wọ́n láti ojú fèrèsé.

"Ilẹ̀ Ìyà-Gbẹdẹ yìí," ni ó ń wí, "bí o bá fi iṣu funfun sí i, tí o sì pa koríko rẹ̀ lásìkò, wàá rí i pé…"

Ojú rẹ̀ yí. Orí rẹ̀ ṣubú padà. A dúró dè é bí a ti máa ń ṣe. Kò bẹ̀rẹ̀.

"Músá, dúró!" ni Ọ̀gbẹ́ni Jóòbù ké. "Dúró, kí n so ẹ̀rọ!" Ó bẹ̀rẹ̀ sí í tú bẹ́líìtì, ó ń ka nǹkan tí wọ́n kọ sára irin.

Mo wo Ìyá. Ìyá wo ojú ọkọ rẹ̀ tó ti ń dúdú. Omi ti bọ́ lójú rẹ̀, ṣùgbọ́n ó gbé ọwọ́ òsì rẹ̀ tó dára lé mi léjìká. "Ọkọ ọmọ mi, tẹ̀ ẹ́. Ṣùgbọ́n jọ̀wọ́, má wò ó lójú."

Mo dọ̀bálẹ̀. Àyè ìdọ̀bálẹ̀ kò sí nínú áńbúláǹsì. Orí mi kan ẹsẹ̀ Ọ̀gbẹ́ni Jóòbù, àgbọ̀n mi lu òpó irin. Mo ní "Ẹ forí jì mí, Bàbá," mo dìde, mo kúnlẹ̀ lé etí ibùsùn, mo na apá, mo tẹ̀. Mo kọjú sí fèrèsé. Ebè ni mo ń wò. Mo ń tẹ̀, ebè ń kọjá, nítorí Músá kò dúró. Ó ní òun gbọ́ "dúró" òun sì gbọ́ "tẹ̀ ẹ́," èyí tí ó bọ́gbọ́n mu ni òun mú. Lójijì ni mo gbọ́ ohùn lábẹ́ mi.

"…ó ń ta ju ti wa lọ. Ta ni ó wà lórí àyà mi?"

Mo fò sílẹ̀ bí ẹni tí iná jó.

"Èmi ni, Bàbá."

"Ìwọ àna mi? Kí lo ń wá níbẹ̀?"

"Bàbá, ẹ ti kú ni."

"Bí mo bá kú, àna mi ni kó wá fi mí ṣe ebè? Jóòbù! Kí ni iṣẹ́ irin yìí?"

"Ẹ bá mi bi wọ́n, Bàbá," ni Ọ̀gbẹ́ni Jóòbù wí. "Ó kù díẹ̀ kí n so ó tán. Tíṣà kò ní sùúrù."

Bàbá dá ẹjọ́ náà lójú ẹsẹ̀: láti ibẹ̀ lọ, ẹ̀rọ ni kó máa tẹ òun. Ó ní ẹ̀rọ kò fẹ́ ọmọ òun, kò sí òfin tí ó dè é. Ẹni tí ẹ̀mí wà lára rẹ̀ ni wọ́n wá fi bẹ́líìtì dè mọ́ pákó, ọmọ odó rọ́bà rọ̀ dẹ̀dẹ̀ lókè àyà rẹ̀ bí èso tó fẹ́ já. Ó dùbúlẹ̀ bẹ́ẹ̀, ó ń bá ọ̀rọ̀ iṣu rẹ̀ lọ.

A kọjá Mọ̀pà. Ẹ̀ẹ̀kejì ṣẹlẹ̀ lórí ọ̀dà tó tẹ́jú. Ọ̀gbẹ́ni Jóòbù yí irin kan, ẹ̀rọ sì bẹ̀rẹ̀: gbì, gbì, gbì, ó ń lọ déédéé. N kò ní purọ́, ó wú mi lórí. Àyà Bàbá ń wọlé, ó ń jáde, ó dọ́gba ju èyí tí ọwọ́ mi lè ṣe lọ. Mo ti fẹ́ kí Ọ̀gbẹ́ni Jóòbù kú iṣẹ́ kí ọ̀dà tó tán. Ẹ̀yin tí ẹ mọ ọ̀nà yẹn mọ àwọn kòtò tí mo ń wí. Ọkọ̀ bọ́ sínú èkíní, apá irin náà yẹ̀. Kí ó tó bọ́ sínú èkejì, ikùn ni ẹ̀rọ ń gún, àkàrà Ìyàrà sì ń bọ̀ lẹ́nu Bàbá.

"Ikùn ló wà!" ni mo ké.

"Músá, dúró!" ni Ọ̀gbẹ́ni Jóòbù ké.

Músá dúró. Wọ́n tún apá irin náà tò. Músá gbéra. Kòtò. Ó yẹ̀ sí ìhà òsì. Músá dúró. Wọ́n tún un tò. Ní gbogbo àkókò tí wọ́n fi ń tò ó, ọkàn Bàbá kò lù, ẹnikẹ́ni kò sì tẹ̀ ẹ́. Èyí ni kókó ẹ̀sùn mi, ẹ jọ̀wọ́ ẹ gbé e sọ́kàn: nígbàkígbà tí ẹ̀rọ bá ń sinmi kí wọ́n lè tò ó, Bàbá ń kú lọ. Mo ní kí Ọ̀gbẹ́ni Jóòbù kúkú fi ọwọ́ rẹ̀ tẹ̀ ẹ́, nítorí òun kì í ṣe àna ẹnikẹ́ni níbẹ̀. Ó ní ara ènìyàn kò sí nínú iṣẹ́ tí wọ́n gbà á sí, ẹrù ni wọ́n gbà á sí. Mo ti apá irin náà sẹ́yìn, mo yí orí Bàbá sẹ́gbẹ̀ẹ́, Ìyá nu ẹnu rẹ̀, mo sì tẹ̀ ẹ́ láàárín kòtò. Bí ọkọ̀ ti ń fò ni èmi náà ń fò, ṣùgbọ́n ọwọ́ mi mọ ibi tí àyà wà. Ó jí. Ó wò mí. Ó pòṣé.

Ní Ìsánlú ni ọ̀rọ̀ ti di ti aláwàdà. Ìlú ìyá Bàbá ni Ìsánlú.

"Músá, yà sọ́tùn-ún," ni Bàbá wí. "A kì í gba ìlú ìyá ẹni kọjá bí olè."

"Bàbá," ni mo wí, mo lóṣòó dé ibi tí àyè gbà mí dé, "ẹ jọ̀wọ́, ara yín kò yá. Ìlọrin là ń lọ."

"Bí mo bá kú sí Ìlọrin tí n kò kí wọn, ta ni yóò wá sin mí? Yà sọ́tùn-ún!"

Músá yà. Ká tó mọ̀, ẹbí ti yọ láti ẹ̀yìnkùlé, "Okun o! Okun o!" ni wọ́n fi ń kí wa lọ́tùn-ún lósì, Bàbá ń jẹ́ wọn lóhùn láti inú bẹ́líìtì. Ẹnì kan ti ń gbé iṣu sínú ọkọ̀. Ìyá àgbàlagbà kan yọjú wo ẹ̀rọ, ó ní ṣé iyán ni wọ́n fẹ́ gún fún aláìsàn lójú ọ̀nà. Bàbá ń rẹ́rìn-ín. Inú ẹ̀rín náà ni ọkàn rẹ̀ dúró sí.

Ọkọ̀ dúró gbọn-in, ilẹ̀ tẹ́jú. Ọ̀gbẹ́ni Jóòbù yí irin, ẹ̀rọ bẹ̀rẹ̀, kò yẹ̀, kò gún ikùn, Bàbá sì jí. Gbogbo ìta pàtẹ́wọ́. Mo pàtẹ́wọ́ pẹ̀lú, ẹ̀mí ni. Ọ̀gbẹ́ni Jóòbù nu ojú rẹ̀ bí oníṣẹ́ ìyanu.

"Ẹ ti rí i báyìí," ni ó wí. "Ẹ̀rọ kò ní àléébù. Ìrìn ọkọ̀ ni kò bá a lára mu. Ìmọ̀ràn mi ni pé kí a má tíì kúrò níbí."

"Kí a dúró títí di ìgbà wo?" ni mo bi í.

"Títí ara Bàbá yóò fi yá."

"Ọ̀gá Jóòbù," ni Músá dá sí i, "ṣé kí n lọ gbé Ìlọrin wá bá yín níbí ni?"

Ẹ̀yin ará mi, ẹ̀rọ tí wọ́n kó sínú áńbúláǹsì, tí kò lè ṣiṣẹ́ bí áńbúláǹsì bá ń rìn, kí ni kí a pè é? Ẹbí Ìsánlú tilẹ̀ ti fara mọ́ ìmọ̀ràn náà. Wọ́n ti ń tẹ́ ẹní. Mo dọ̀bálẹ̀ fún Bàbá lórí iyanrìn, níwájú gbogbo wọn, mo ní ọmọ tí Ọmọ́níyì bí ń dúró de ẹni tí yóò sọ ọ́ lórúkọ. Ìyẹn ló gbé wa kúrò níbẹ̀.

Ní Ẹ̀gbẹ̀ a ra omi àti búrẹ́dì. A kọjá Ẹ̀rúkù. Ilẹ̀ ń yí padà, òkúta ń dínkù, igi ń fọ́nká, atẹ́gùn gbígbẹ ń fẹ́. Nígbà tí a sún mọ́ Òmù-Àrán ni ọkàn Bàbá dúró lẹ́ẹ̀kẹrin. Ọ̀gbẹ́ni Jóòbù yí irin. Ẹ̀rọ mí kanlẹ̀, ó gún un lẹ́ẹ̀kan, ó dúró, ọmọ odó rẹ̀ sì tẹ̀ mọ́ àyà Bàbá, kò gòkè mọ́. Agolo ti gbẹ. Ẹ̀rọ ti fi gbogbo ọ́síjìn náà ṣe agbára, kò ku èyí tí Bàbá yóò mí.

"Agolo kejì dà?"

"Ó wà ní sítọ́ọ̀," ni Ọ̀gbẹ́ni Jóòbù wí, ohùn rẹ̀ ti rẹlẹ̀. "Àpótí ló gba àyè rẹ̀."

Mo fa apá irin náà, kò dìde. Bẹ́líìtì há. Músá dúró, ó sáré wá sí ẹ̀yìn, ó fi ọ̀bẹ tó fi ń gé iṣu gé bẹ́líìtì náà, bẹ́ẹ̀ ni Ọ̀gbẹ́ni Jóòbù ń ké pé ohun ìní ìjọba ni. Èmi àti Músá gbé òpó, apá, pákó, agolo òfìfo, a sọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀ létí ọ̀nà. Músá gbé àpótí tẹ̀ lé e. Ọ̀gbẹ́ni Jóòbù sọ̀kalẹ̀ fúnra rẹ̀. Kò sí ẹni tó lé e. Ó ní òun kò lè fi ohun tí òun buwọ́ lù sílẹ̀. Nígbà tí a ń lọ, ó jókòó lórí àpótí nínú koríko, ó fi ọwọ́ kan di òpó irin náà mú.

Èmi wà lórí àyà Bàbá. N kò dọ̀bálẹ̀ lọ́tẹ̀ yìí. Mo gbàgbé fèrèsé. Mo ń tẹ̀, òógùn ń bọ́ lójú mi sí i lọ́rùn, nǹkan kan ṣẹ́ lábẹ́ ọwọ́ mi bí igi gbígbẹ, mo sì mọ̀ pé egungun ìhà ni. Èjìká mi ń jó. Kì í rẹ ẹ̀rọ, mo ti sọ bẹ́ẹ̀. Ó rẹ̀ mí. Bí Sísítà Ẹ̀bùn bá wà níbẹ̀, à bá máa gbà á lọ́wọ́ ara wa. Ìyá ń fi ọwọ́ kan ṣoṣo nu ojú mi, ó ń pe ọkọ rẹ̀ ní orúkọ tí n kò gbọ́ rí, orúkọ tí ó ń pè é kí wọ́n tó bí Ọmọ́níyì. Ó pẹ́. Mo ti ń ronú bí n ó ṣe sọ ọ́ fún ìyàwó mi.

Bàbá mí. Ó la ojú. Ojú wa sì ṣe mẹ́rin, n kò yẹ̀ ẹ́.

Mo ń dúró de èébú. Kò bú mi. Ó na ọwọ́ wá fìlà rẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìrọ̀rí, ó fà á bo gbogbo ojú rẹ̀ dé àgbọ̀n.

"Báyìí," ni ó wí láti abẹ́ fìlà, "n kò rí ọ, ìwọ náà kò rí mi. Bí ó bá tún dúró, máa tẹ̀ ẹ́ lọ."

Báyìí ni a ṣe gba Òmù-Àrán àti Àjàṣẹ́-Ìpo kọjá. Ó tún dúró lẹ́ẹ̀kan. Mo tẹ fìlà ní àyà, bí ẹ bá fẹ́ kí n pè é bẹ́ẹ̀, ó sì jí.

Ìlọrin gbòòrò, ó gbẹ, ọkọ̀ pọ̀ níbẹ̀. Ilé ìwòsàn tiwa kò ga bí tiwọn. Obìnrin kan gbé igbá wàrà dé ẹnu ọ̀nà ilé ìwòsàn, wàrà tí wọ́n fi omi ọmú màlúù ṣe, tí wọ́n dín bí àkàrà. Músá ra fún gbogbo wa, ó ní owó òun ni. Dókítà tó gba Bàbá fọwọ́ kan ìhà rẹ̀, ó bi mí ta ló tẹ̀ ẹ́. Mo rò pé wọn yóò mú mi. Ó ní egungun kan ṣẹ́, yóò jinná, àti pé òkú kì í ráhùn egungun. Wọ́n fi ohun èlò wọn ti ọkàn náà lẹ́yìn, wọ́n fún un lóògùn tí yóò máa lò. Wọ́n ní ìyẹn yóò dì í mú fún ìgbà díẹ̀. Lẹ́yìn rẹ̀ kí a gbé e lọ sí Ìbàdàn, níbi tí wọn yóò ti fi bátìrì kékeré sí i lábẹ́ awọ, tí yóò máa rán ọkàn náà létí.

Ọ̀gbẹ́ni Jóòbù dé ní ọjọ́ kejì lórí lọ́rì oníṣu, òun àti ẹ̀rọ àti àpótí. Ó ti tẹ tẹlifóònù sí Kàbà kí ó tó wá kí Bàbá.

Nígbà tí a padà dé Kàbà, ẹgbẹ́ akọrin ti tò sí ẹnu ọ̀nà ilé ìwòsàn. Mo kọ́kọ́ rò pé Bàbá ni wọ́n ń kọrin fún. Alága ìgbìmọ̀ gbé ọwọ́ lé òpó irin náà, ó ní ẹ̀rọ wa ti gba ẹ̀mí là láàárín Kàbà àti Ìlọrin, kí Ọlọ́run bùkún àwọn tó fún wa. Bàbá fẹ́ sọ̀rọ̀, wọ́n ní aláìsàn kò gbọdọ̀ ṣe wàhálà.

Ẹbí ìyàwó mi pè mí ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kejì. Ẹ̀gbọ́n Bàbá ló jókòó sórí ìjòkòó àgbà.

"Ọmọ wa," ni ó wí, "a dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ. O ṣeun púpọ̀. Ṣé lóòótọ́ ni o gun àna rẹ láyà, tí o sì ṣẹ́ ẹ légungun?"

"Lóòótọ́ ni, Bàbá. Ó ti kú nígbà náà."

"Ṣé ó kú báyìí?"

"Rárá o."

"A jẹ́ pé alààyè ni o ṣẹ́ légungun." Ó yíjú sí àna mi. "Àbúrò, kí lo rí sí i?"

"Ó tẹ̀ mí," ni Bàbá wí. "Ó tẹ̀ mí dáadáa. Kò sí irú àna bẹ́ẹ̀ ní gbogbo Kàbà. Ṣùgbọ́n òfin ni òfin."

Ewúrẹ́ nìyẹn. Mo gbà fún ẹbí. Wọ́n mọ ohun tí wọ́n ń dá ẹjọ́ lé lórí, wọ́n bi mí, mo dáhùn. Ìgbìmọ̀ kò bi mí ní nǹkankan. Ohun tí wọ́n ṣe ni pé wọ́n ní kí Sísítà Ẹ̀bùn wá ṣàlàyé ìdí tí ó fi kọ́ ẹni tí kì í ṣe òṣìṣẹ́ ní iṣẹ́ ilé ìwòsàn, wọ́n sì ti mú un kúrò lára àwọn tó ń bá áńbúláǹsì lọ. Lẹ́yìn náà ni wọ́n lẹ àṣẹ tuntun mọ́ ìlẹ̀kùn ọkọ̀ náà: bí ẹ̀rọ bá wà nínú ọkọ̀, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ fi ọwọ́ tẹ àyà aláìsàn.

Mo kọ́ ohun kan lójú ọ̀nà yẹn, n kò sì tijú láti sọ ọ́: kì í rẹ ẹ̀rọ, ṣùgbọ́n ọwọ́ ń bá ọkọ̀ rìn. Ẹ jẹ́ kí ẹ̀rọ dúró sí yàrá tí yóò ti wúlò, ẹ jẹ́ kí ẹni tó ní ọwọ́ méjì tó mọṣẹ́ wọ ọkọ̀.

Ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ ni a ń gbé Bàbá lọ sí Ìbàdàn, nínú áńbúláǹsì kan náà, ọ̀nà náà sì jìn ju ti Ìlọrin lọ. Nítorí náà mo ń bi ẹ̀yin ìgbìmọ̀, ní gbangba. Ta nínú yín ló sọ pé àpótí òfìfo sàn ju nọ́ọ̀sì lọ? Ta ló gba ọ̀rọ̀ Jóòbù gbọ́ láìbi Músá, láìbi Ìyá, láìbi ẹni tí ó kú tí ó jí? Ta ló kọ àṣẹ tó wà lára ìlẹ̀kùn yẹn, ṣé ó sì ti jókòó sẹ́yìn ọkọ̀ náà rí láti Mọ̀pà dé Ìsánlú? Bí ọkàn bàbá yìí bá dúró nínú kòtò, tí ẹ̀rọ yín sì yẹ̀ kúrò lórí àyà rẹ̀, èwo nínú yín ni yóò sọ fún Ọmọ́níyì pé wọ́n ní kí ọkọ rẹ̀ káwọ́ gbera? Mo fẹ́ orúkọ onítọ̀hún, mo sì fẹ́ ẹ kí Músá tó tan mọ́tò.